Ojú Irin Tí A Kò Tọ́jú

Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí a ń pè ní Red Line, ti ń gbé èrò láàrin Agbádó àti Òyìngbò, láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí àwọn ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ bá ń bèèrè pé, nígbà wo ni yóò kan àwa? A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ẹja Ẹ̀pẹ́, lọ́rì ni ó ń gbé e. Ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá tí a ṣí ní Ìmọ̀tà ní oṣù kìíní ọdún 2023, lọ́rì náà ni ó ń kó ìrẹsì wá síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ bèèrè: bí irin bá dé, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, owó wo ni yóò sì máa fi tọ́jú rẹ̀?

Irin tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 ni ó kó kòkó àwọn bàbá wa lọ sí èbúté fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ó yá, ìtọ́jú rẹ̀ dín kù, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, àwọn oníṣòwò sì kó ẹrù wọn sínú lọ́rì. Bí owó ẹrù kò ti wọlé mọ́, owó ìtọ́jú tún dín kù sí i. Irin tuntun tí a ṣí ní ọdún 2021, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 157, owó tí a yá lọ́wọ́ Ṣáínà wà nínú rẹ̀. Gbèsè ni, a ó sì san án.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro. Òkúta wẹ́wẹ́ ni ó gbé irin dúró. Bí gọ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá dí, omi yóò dúró, ẹrẹ̀ yóò wọ àárín òkúta, irin yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Ẹni tí ó bá tètè la gọ́tà, owó ṣọ́bìrì ni ó ná. Ẹni tí kò bá là á yóò háyà ẹ̀rọ láti tún òkúta kì. Ẹni tí ó bá tún fi falẹ̀ yóò ra irin mìíràn. Ní gbogbo àkókò náà, awakọ̀ yóò máa rọra lọ, ẹja yóò sì máa bàjẹ́ lọ́nà.

Ní Hatfield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2000, irin kan tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ti sán, fọ́ sí wẹ́wẹ́ lábẹ́ ọkọ̀. Ènìyàn 4 kú. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pàṣẹ pé kí ọkọ̀ máa rọra lọ ní ibi tí ó ju 1,200 lọ. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2001, Railtrack, ilé iṣẹ́ tí ó ni ojú irin náà, kò lè ru gbèsè rẹ̀ mọ́.

Síbẹ̀, a kò sọ pé kí a máa da owó sórí irin bí ẹni ń da omi sínú agbọ̀n. Òfò ni láti pàrọ̀ irin tí kò tíì gbó. Àgbẹ̀ tí ó ní oko mẹ́ta mọ èyí tí koríko fẹ́ pa, ibẹ̀ ni ó sì ń kọ́kọ́ gbé ọkọ́ lọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bèèrè. Èkíní, kí a máa yẹ irin wò ní àkókò tí a dá, kí a sì kọ ohun tí a rí sílẹ̀, nítorí òkèèrè ni a ti ń wo igi gogoro kí ó má baà gún ni lójú. Èkejì, kí a tò iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ewu àti iye ọkọ̀ tí ń kọjá ti pọ̀ tó, kí a sì ṣe iṣẹ́ púpọ̀ pọ̀ ní òru kan, kí a má baà ti ojú irin lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún ohun tí a lè ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀kẹta, kí a ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, kí a sì kéde fún ará ìlú bí ọkọ̀ ti yá tó àti iye ìgbà tí ó pẹ́.

Láti oṣù kẹta ọdún 2023 tí a ti tún òfin ilẹ̀ wa ṣe, ọ̀ràn ojú irin kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ nìkan mọ́. Àwọn aṣojú Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ní ẹnu láti sọ ọ́ ní ilé ìgbìmọ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá wá ṣèlérí ojú irin fún yín, ẹ bi í léèrè owó ìtọ́jú rẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ́ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.