Ibo ni agbedeméjì ọkọ̀ wà?



Nígbà ìsinmi tó kọjá, a wọ ọkọ̀ ojú omi láti Dover lọ sí Calais. Kò ju bí ìṣẹ́jú 90 lọ, ṣùgbọ́n òkun ń ru lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ tí èébì fi ń gbé ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 8. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan rí i, ó ní ká kúrò níwájú, ká sọ̀ kalẹ̀ lọ jókòó “amidships”. A lọ. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ balẹ̀, ló bá bi mí pé, “Dádì, kí ni wọ́n ń pe amidships ní Yorùbá?”

Mo dákẹ́. Ó wò mí, ó ní, “Yorùbá ò ní ìyẹn, àbí?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ ọ́ nìyẹn. Lójú tiẹ̀, èdè oúnjẹ, ìkíni àti ìbáwí ni Yorùbá; gbogbo nǹkan yòókù, Gẹ̀ẹ́sì ló ni ín.

Nígbà tá a délé, mo pe màmá mi lórí fóònù. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ kankan fún mi. Ìbéèrè ni wọ́n bi mí: “Kí ni wọ́n ń fi ibẹ̀ ṣe?”

Mo ní ibẹ̀ ni ọkọ̀ kì í ti fi bẹ́ẹ̀ mì. Tí ìgbì bá gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ìdí rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Tó bá gbé ìdí, iwájú á lọ sílẹ̀. Àárín ló máa ń mì kéré jù. Ibẹ̀ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ẹrù, ni wọ́n ń kun àmì róbótó kan sí, tí ìlà là á já. Tí omi bá ti bo ìlà yẹn, ẹrù ti pọ̀ jù. Samuel Plimsoll, aṣòfin kan ní London, ló jà fún un, torí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n di ẹrù jù ń rì tàwọn-tòṣìṣẹ́. Òfin ọdún 1876 ló sọ ọ́ di dandan.

“Agbedeméjì ọkọ̀ nìyẹn,” ni màmá mi wí. Wọ́n ní àárín lè jẹ́ ibikíbi láàárín nǹkan méjì, ṣùgbọ́n agbedeméjì ni ibi tó pín in sí méjì ọgbọọgba.

Mo ní ó ku ọ̀kan. Ọ̀gá ọkọ̀ tún máa ń pàṣẹ fún ẹni tó wà nídìí ìtọ́kọ̀ pé, “Midships!” Kì í ṣe pé kó lọ síbẹ̀ o. Kó dá ìtọ́kọ̀ padà sáàárín ni, kó má wà lápá ọ̀tún, kó má wà lápá òsì. Onítọ̀hún á kọ́kọ́ tún àṣẹ náà sọ, kí ọ̀gá lè mọ̀ pé ó gbọ́ ọ dáadáa.

Màmá mi rẹ́rìn-ín. “Ìyẹn kì í ṣe agbedeméjì mọ́. ‘Dá a padà sáàárín’ nìyẹn.”

Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ kan ni mò ń wá kiri nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe, orúkọ kan tó ń ṣiṣẹ́ méjì máa ń kó wa sí wàhálà, síbẹ̀ mi ò rò ó. Ohun tí ọmọ mi ní a ò ní, méjì la ní. Tí ọmọ yín bá bi yín ní irú ìbéèrè yìí, ẹ má sáré sọ pé kò sí. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń fi ṣe.

Ẹ dán èyí wò nílé. Ẹ gbé rúlà lé orí pẹ́ńsùlù, ẹ máa mì í bí ìgbì, kí ọmọ fọwọ́ kan ibi tí kì í mì. Ẹ jọ pè é: iwájú ọkọ̀, agbedeméjì ọkọ̀, ìdí ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan ṣe ọ̀gá ọkọ̀: “Sọ́tùn-ún!” “Sósì!” “Dá a padà sáàárín!” Kí ẹnì kejì tún un sọ kó tó ṣe é.

Nílé wa, ọmọ mi ló gba ipò ọ̀gá. Lọ́jọ́ Sátidé, mo ń wa mọ́tò, mo yà sọ́tùn-ún, mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi: “Dádì, ẹ dá a padà sáàárín!”

Mo tún un sọ kí n tó ṣe é.