Ìtàn Ẹni Tí A Kórìíra Ni Ó Yẹ Kí Ẹ̀rí Rẹ̀ Fẹsẹ̀ Múlẹ̀ Jù

Àwọn akọ̀ròyìn àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í dárúkọ wọn láàárín àwùjọ kí ibẹ̀ má di ariwo. Àwọn kan fẹ́ràn wọn bí ojú. Àwọn mìíràn kò fẹ́ gbọ́ ohùn wọn rárá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ilé ìròyìn bá sì fẹ́ mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, Wikipedia, ìwé-ìmọ̀ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ìwé tí ẹnikẹ́ni lè kọ, tí ẹnikẹ́ni sì lè tún kọ ni. Èrò tiwa ni pé ojú ewé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ̀rí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù, pàápàá bí ẹni náà bá jẹ́ ẹni tí a kórìíra.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn Rush Limbaugh, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tí ètò rẹ̀ ń lọ káàkiri Amẹ́ríkà láti ọdún 1988 títí ó fi kú ní 2021. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, pàápàá àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, ó wà lára àwọn tí ó fẹ́ ra ẹgbẹ́ St. Louis Rams, tí ń gbá bọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà. Nígbà náà ni àwọn amóhùnmáwòrán bíi CNN àti MSNBC gbé ọ̀rọ̀ kan jáde tí ó yin ìkónilẹ́rú, wọ́n ní Limbaugh ni ó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí Wikiquote, tí í ṣe àbúrò Wikipedia, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí ọjọ́ tàbí ètò tí ọkùnrin náà ti sọ ọ́. Limbaugh ní irọ́ ni. Olóòtú kan ní CNN sì tọrọ àforíjì.

Ẹ wo ohun tí irọ́ yìí bàjẹ́. Ní ọdún 2003, lórí amóhùnmáwòrán ESPN, Limbaugh sọ pé àwọn oníròyìn ń yin Donovan McNabb, agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú, ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú yege ní ipò náà. Gbogbo ayé gbọ́ ọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó fi iṣẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ní ọjọ́, tí ó ní ẹlẹ́rìí, nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí irọ́ 2009 ti tú, ẹni tí ó yẹ kí ó dáhùn fún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ di ẹni tí a ṣẹ̀. Irọ́ tí a pa mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni omi tí ó fi ń wẹ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan lè wí pé ẹni tí kì í dá ẹlòmíràn sí, kò yẹ kí a dá a sí. Ṣùgbọ́n òǹkàwé ni a ń ṣe èyí fún. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni irọ́ ń gbà wọlé tọ ẹni rere àti ẹni búburú. Ní 2005, ẹnì kan kọ ọ́ sí Wikipedia pé àwọn kan ti fura sí John Seigenthaler, àgbà akọ̀ròyìn ní Tennessee, pé ó lọ́wọ́ nínú ikú John Kennedy àti Robert àbúrò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni Seigenthaler wà lára àwọn tí ó gbé pósí Robert. Bí oṣù mẹ́rin ni irọ́ náà fi wà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n mú òfin le: ẹ̀sùn tí kò ní ẹ̀rí tí ó yè kooro nípa ẹni tí ó wà láàyè, kíá ni kí a yọ ọ́.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí ìwé ìròyìn tẹ̀ ni ẹ̀rí. Nígbà tí Maurice Jarre, olórin ọmọ Faransé, kú ní 2009, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ireland fi ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá sí ojú ewé rẹ̀ láti dán àwọn akọ̀ròyìn wò. The Guardian àti àwọn mìíràn tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí a bá padà fi ìwé ìròyìn wọ̀nyí ṣe ẹ̀rí fún Wikipedia, irọ́ náà ti ní bàbá àti ìyá nìyẹn.

Àwọn olùfẹ́ náà ní ẹ̀bi tiwọn. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tàbí ìjìyà tí ó ní àkọsílẹ̀ kò yẹ kí a pa rẹ́ nítorí pé ó ń dun ẹni wa. Kí a kọ ọ́, kí a sì kọ èsì ẹni náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni.

Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Àwọn tí ń ṣọ́ Wikipedia èdè Yorùbá kò tó àwọn tí ń ṣọ́ ti Faransé, irọ́ sì lè pẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń túmọ̀ ìtàn ẹnì kan láti inú èdè Faransé, kí ó ṣí àwọn ìtọ́kasí rẹ̀ wò kí ó tó gbé wọn wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ohun tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan sọ lórí rédíò, kí ó kọ orúkọ ètò náà àti ọjọ́ rẹ̀. Bí kò bá rí wọn, kí ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, bí ó ti wù kí ó dùn mọ́ ọn tó.