Èdè Kọ̀ǹpútà àti Ìṣẹ̀lẹ̀ Àìròtẹ́lẹ̀

Àwọn kan gbà pé ohunkóhun tí èdè kọ̀ǹpútà kan kò bá ní, a lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láti òkè. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun kan wà tí a lè fi kún ilé lẹ́yìn tí a ti kọ́ ọ tán. Àwọn mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé inú ìpìlẹ̀ ni àyè wọn wà. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ohun méjì wò.

Èkíní ni class, tí èmi yóò pè ní ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ dàbí àpótí tí a ń tẹ yẹ̀pẹ̀ sí láti fi yọ búlọ́ọ̀kù: ẹ̀ẹ̀kan ni a ó ṣe é, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí ìrísí àti ìwà wọn bára mu yóò sì ti inú rẹ̀ jáde. Èdè Simula 67, tí Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard dá sílẹ̀ ní Nọ́wè, ni ó ti kọ́kọ́ hàn. Èkejì ni exception, èyíinì ni ìṣẹ̀lẹ̀ àìròtẹ́lẹ̀. Bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà ṣí ìwé tí kò sí, iṣẹ́ kò lè lọ bí a ti ṣètò rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ lè ké sí ẹni tí ó rán an.

Ní ọdún 1979, Bjarne Stroustrup, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀wọ́ kún èdè C ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Èdè tuntun yìí ni a wá sọ ní C++ ní ọdún 1983. Ògbufọ̀ rẹ̀, Cfront, a máa túmọ̀ C++ sí C. Ọ̀wọ́ gba ìtumọ̀ náà láìsí wàhálà púpọ̀, nítorí pé C ti ní ọ̀nà láti di ọ̀pọ̀ iye pọ̀ sí abẹ́ orúkọ kan.

Ṣùgbọ́n ti ìṣẹ̀lẹ̀ àìròtẹ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ká ní ọ̀gá rán akọ̀wé, akọ̀wé rán ìránṣẹ́, iṣẹ́ sì bàjẹ́ mọ́ ìránṣẹ́ lọ́wọ́. Ìròyìn gbọ́dọ̀ padà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, olúkúlùkù tí ó wà lójú ọ̀nà sì gbọ́dọ̀ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kí ó tó jáde. C ní ọ̀nà láti fò padà lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fò kò palẹ̀ ohunkóhun mọ́. Ìgbìyànjú láti fi nǹkan yìí kún Cfront forí ṣánpọ́n, a sì pa Cfront 4.0 tì ní ọdún 1993. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Lónìí, àwọn ògbufọ̀ C++ ń túmọ̀ rẹ̀ tààrà sí èdè ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì máa kọ ọ̀nà àbọ̀ sílẹ̀ ṣáájú, títí àṣìṣe yóò fi dé.

Ẹnìkan lè wí pé ìpìlẹ̀ rere pàápàá kì í dènà òfò. Òtítọ́ ni. Èdè Ada ní ọ̀nà ìkéde yìí nínú ìpìlẹ̀ rẹ̀, òun ni a sì fi kọ iṣẹ́ ẹ̀rọ atọ́nà inú rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5. Ní ọjọ́ 4 oṣù Òkúdù ọdún 1996, iye kan tóbi ju àyè tí a fún un lọ, àyè tí kò lè gbà ju 32,767. Láti ara Ariane 4, tí kò sáré tó báyìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀, ni a ti mú iṣẹ́ náà wá. Ada ké, ṣùgbọ́n a kò fi ẹnikẹ́ni ṣọ́ ibi tí igbe náà ti jáde. Ẹ̀rọ atọ́nà méjèèjì dákẹ́, rọ́kẹ́ẹ̀tì náà sì fọ́ yángá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 40 lẹ́yìn tí ó gbéra.

Ẹ̀bi èdè kọ́ ni èyí. Ẹni tí ó dá èdè ni ó yẹ kí ó la ọ̀nà igbe. Ẹni tí ó ń fi èdè náà kọ iṣẹ́ ni ó yẹ kí ó fi olùṣọ́ sí i. Bí ọ̀nà kò bá sí, kí ni olùṣọ́ yóò gbọ́? Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ó kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà lọ́la, ẹ má ṣe pa igbe àṣìṣe mọ́lẹ̀ kí iṣẹ́ yín lè dàbí èyí tí ó yọrí. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.