Ìwé Kì í Kó Gọ́tà

Bí òjò bá ti ṣú ní Ring Road, ẹ wo ohun tí kálukú máa ń ṣe. Ìyá tó ń ta ìrẹsì á gbé àpò kúrò nílẹ̀, á gbé e lé orí bẹ́ǹṣì. Àwọn onímáíkírà á fowó lé owó ọkọ̀. Ọmọ ilé ìwé á máa sáré wá ọkọ̀ Mọ́lété kí omi tó gba títì. Ẹni tó bá nílé ní ìsàlẹ̀ á pe ilé lórí fóònù: "Ẹ tètè ká kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ o!" Kò sẹ́ni tó kọ́ wa. Ara wa ló ti mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa là ń múra de òjò, kálukú pẹ̀lú bẹ́ǹṣì tirẹ̀. Ẹni tí a ò rí kó múra ni ẹni tí òfin fi gọ́tà lé lọ́wọ́, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀.

Ìjà tí a fẹ́ jà lónìí nìyẹn. A ò bá òjò jà, a ò sì bá Ọlọ́run jà.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ó kéré tán, Ìbàdàn ti gbà fún un lẹ́ẹ̀mejì tí gbogbo ayé gbọ́. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì pa èèyàn tó lé ní 200. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, òjò bíi mìlímítà 187 rọ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Èèyàn tó kú lé ní 100. Afárá já, ilé wó, omi ya wọ inú Yunifásítì Ìbàdàn pàápàá. Oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹjọ, pẹ̀lú ọdún 31 láàárín, omi tún bá wa lójú kan náà tó ti bá àwọn òbí wa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò mìlímítà 187 yẹn, torí nọ́ńbà lásán kì í dẹ́rù bani. Ẹ mú pílọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Òjò ọjọ́ yẹn á da omi tó lé ní lítà 80,000 sórí pílọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Táǹkì onílítà 1,000 lọ́nà 80, lórí ilẹ̀ ẹnì kan! Tí ilẹ̀ náà bá jẹ́ erùpẹ̀, tí koríko àti igi wà níbẹ̀, ilẹ̀ á mu lára rẹ̀, á sì dá ìyókù dúró díẹ̀ kó tó lọ. Ṣùgbọ́n kí la ti ṣe sí ilẹ̀ Ring Road? Ẹ wo ẹ̀bá títì láti Challenge títí dé Mọ́lété: plásà, ilé epo, ilé ìtura, ṣọ́ọ̀ṣì, gbọ̀ngàn ayẹyẹ, báńkì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló fi sìmẹ́ǹtì tàbí interlock bo àgbàlá láti ẹnu géètì dé ògiri ẹ̀yìn. Ó mọ́, ó dán, mọ́tò ń ríbi dúró sí. Àmọ́ gbogbo lítà 80,000 yẹn, ojú títì ló ń sáré bọ̀. Láti ojú títì, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, sí pálọ̀ ẹni tí ò lówó tó fi máa ra interlock.

Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ omíyalé lórí rédíò, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni pé, "Àwọn aráàlú ló ń da ìdọ̀tí sí ojú àgbàrá." Òótọ́ ni, a ò ní parọ́. A ti rí ẹni tó dúró de òjò kó tó gbé ọ̀rá ìdọ̀tí jáde, kí àgbàrá lè bá a gbé e fún aládùúgbò. Ìwà ìkà gbáà ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín ná: ọjọ́ wo ni ọkọ̀ akólẹ̀ máa ń wá sí òpópónà yín? Tí ẹ bá mọ ọjọ́ náà, ẹ kú oríire. Ìdílé tó ń gbé yàrá kan, tó ń dáná lójoojúmọ́, tí ọkọ̀ ò wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, níbo ni kó kó ìdọ̀tí sí? Sórí bẹ́ẹ̀dì? Ẹni tó bá ń bá aráàlú wí láìfún wọn ní ọkọ̀ akólẹ̀, ariwo ló ń pa. Ohun míì tún ni pé ẹni tó ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sí gọ́tà la máa ń bú. Ẹni tó kọ́ fẹ́ǹsì lé ojú omi, "Ẹ káàárọ̀ sà" là ń kí i.

Àwọn kan á tún ní, "Àyípadà ojú ọjọ́ ni, ó ti kọjá agbára káńsù." Lóòótọ́, ayé ń gbóná. Afẹ́fẹ́ tó gbóná máa ń gba omi mọ́ra ju èyí tó tutù lọ, bíi ìdá 7 nínú 100 fún ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Tó bá wá fẹ́ tú u sílẹ̀, ó lè tú u lẹ́ẹ̀kan náà, wììì. Káńsù Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn Ìbàdàn, tí Ring Road wà lábẹ́ rẹ̀, ò lè mú ayé tutù. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó mú un tutù. Ṣùgbọ́n òjò tí gbogbo ayé jọ fà, orí òrùlé wa ló ń rọ̀ sí, inú gọ́tà wa ló sì ń wá. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ káńsù ti bẹ̀rẹ̀.

A ò ní sọ pé ìjọba ò ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn omi ọdún 2011, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bẹ Báńkì Àgbáyé lọ́wẹ̀. Ní ọdún 2014, báńkì náà fọwọ́ sí owó yíyá dọ́là mílíọ̀nù 200 fún ọ̀rọ̀ omíyalé Ìbàdàn. Wọ́n tún afárá kọ́, wọ́n la ojú omi, wọ́n ṣiṣẹ́ ní ìdídò Ẹlẹ́yẹlé. Wọ́n sì ṣe ìwé ètò ńláńlá: ìwé ètò fún ìlú lápapọ̀, ìwé ètò fún ojú àgbàrá, ìwé ètò fún ìdọ̀tí. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ fún wa pé wọ́n ṣì ń ṣe ìwádìí. A ti mọ ibi tí omi ń gbà. Gbèsè la fi mọ̀ ọ́n, àwa ọ̀dọ́ yìí la ṣì máa wà láyé nígbà tí wọ́n á máa san án.

Àmọ́ ìwé kì í kó gọ́tà. Afárá tuntun tí ò sẹ́ni tó ń kó ìdọ̀tí ẹnu rẹ̀, kò ní pẹ́ tó fi máa di ògiri. Dọ́là lè kọ́ afárá, ṣùgbọ́n ẹni tó máa mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ní gbogbo oṣù Kẹta, òun la ò rí. Ta ló yẹ kó mú un? Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀. Kíkọ́ òpópónà àti gọ́tà àti títọ́jú wọn wà níbẹ̀. Kíkó ìdọ̀tí náà wà níbẹ̀. Kò fi sí abẹ́ ahọ́n rárá.

Tí ẹ bá bi káńsù, á ní owó òun wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Tí ẹ bá bi ìpínlẹ̀, á ní káńsù ò ní òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́. Àwa ní òótọ́ ni ẹ̀yin méjèèjì ń sọ, ẹ̀yin náà lẹ sì jọ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ò rówó gbà fún ọdún gbọọrọ, báwo ló ṣe fẹ́ ní òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́? Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá wọn tààrà. Àwáwí yẹn ti kú ní kóòtù. Tí wọ́n bá ṣì ń gbé òkú rẹ̀ kiri, ó yẹ ká bi wọ́n pé níbo lẹ̀ ń gbé e lọ.

Káńsù tó ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe àlá. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà yín léèrè nípa wolé-wolé. Wọ́n á wọlé láàárọ̀, wọ́n á yọjú wo inú ìkòkò omi bóyá tanwíji wà níbẹ̀, wọ́n á wo ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á wo ojú àgbàrá. Tí ó bá dọ̀tí, owó ìtanràn dé nìyẹn. Àwọn èèyàn ò fẹ́ràn wọn, àwọn míì nínú wọn sì ń gba rìbá. A ò fẹ́ kí ìbẹ̀rù yẹn padà. Ṣùgbọ́n wolé-wolé ní agbègbè tirẹ̀, ó ní ọjọ́ tirẹ̀, àdúgbò sì mọ ojú rẹ̀. Lónìí, ta ni ẹ mọ̀ ní káńsù yín tí gọ́tà òpópónà yín wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ dárúkọ rẹ̀ ká gbọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ pé ìlú òyìnbó nìkan ló lè ṣe é. Ní Freetown, olú ìlú Sierra Leone, òkè kan ya lulẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ, ọdún 2017. Oṣù Kẹjọ náà tún nìyẹn. Àwọn tó kú àti àwọn tí a ò rí mọ́ lé ní 1,000. Nígbà tó di ọdún 2020, káńsù ìlú náà, tí Yvonne Aki-Sawyerr jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò láti gbin igi mílíọ̀nù kan. Wọn ò kàn gbin igi kí wọ́n ya fọ́tò kí wọ́n sì máa lọ o. Wọ́n ń sanwó fún àwọn ará àdúgbò láti máa tọ́jú igi náà, kí wọ́n sì máa fi fóònù ṣe àkọsílẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ta ìbòji bo orí àwọn ìyálọ́jà tó ń jókòó sínú oòrùn. Ẹ wò ó dáadáa: káńsù ló ṣe é, owó rẹ̀ sì ń dé ọwọ́ ará àdúgbò. Ìṣòro Freetown ò tíì tán, àmọ́ wọ́n ti kúrò lórí ìwé.

Ohun tí a ń fẹ́ ní Ring Road ò tó igi mílíọ̀nù kan. Nǹkan mẹ́ta péré ni.

Àkọ́kọ́, kàlẹ́ńdà gọ́tà. Kí káńsù kó gbogbo gọ́tà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kó tún kó wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, torí ìparí oṣù yẹn ni ikú ti wá bá wa lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n lẹ orúkọ òpópónà àti ọjọ́ iṣẹ́ mọ́ ẹnu géètì káńsù. Ẹrẹ̀ tí wọ́n bá kó, kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ kan náà jàre! Gbogbo wa la mọ eré yẹn: wọ́n á kó ẹrẹ̀ jọ sẹ́nu gọ́tà, wọ́n á lọ, òjò kan á rọ̀, ẹrẹ̀ á padà sílé rẹ̀.

Èkejì, àgbàlá. Kí wọ́n má fọwọ́ sí pulánù plásà kankan tí ò bá fi ibì kan sílẹ̀ fún koríko, tàbí kó gbẹ́ kòtò tí omi òjò á máa rì sí. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti àgbàlá iléeṣẹ́ ìjọba fúnra wọn. Tó bá sì di ọ̀rọ̀ ilé tó wà lójú omi, kí àmì X pupa yẹn kọ́kọ́ dé ara fẹ́ǹsì olówó kó tó dé ara ilé opó. Ẹni tí wọ́n bá ní kó kó kúrò, kí wọ́n fi ibi tó máa sùn hàn án. Òjò ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, kí òfin náà má mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹta, ìkìlọ̀. Lọ́dọọdún ni NiMet máa ń sọ bí òjò ọdún yẹn ṣe máa rí, tí NIHSA náà sì máa ń sọ ibi tí omi lè ya dé. Kí káńsù gba ọ̀rọ̀ yẹn, kó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àdúgbò: ní ọjà, ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ìpàdé lánlọ́ọ̀dù. Kí wọ́n mọ ilé tí àgbàlagbà tí ò lè sáré wà lẹ́bàá omi, kí wọ́n mọ ẹni tó máa lọ gbé e. Ọ̀nà yìí là ń gbà gbé aláìsàn lọ sí Adéọ̀yọ́ ti Ring Road. Tí omi bá dí i, kí awakọ̀ ti mọ ọ̀nà kejì kí òjò tó dé.

Àwa náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Tí omi bá ń gbé Máíkírà lọ, fóònù la máa ń yọ. A ó ya fídíò, a ó fi orin sí i, a ó fi ẹ̀rín sí i, ó tán. Nígbà tí wọ́n dìbò káńsù ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹrin, ọdún 2024, mélòó nínú wa ló jáde? Mélòó nínú wa ló mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ rẹ̀? A mọ olórí ìlú London, a ò mọ ẹni tó ni gọ́tà wa.

Òfin kan wà tó fún wa láyè láti kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n sì fèsì láàárín ọjọ́ méje. Ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é, ọdún kan náà tí omi wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo la fẹ́ kí gbogbo wa kọ, kálukú sí káńsù tirẹ̀, ì báà jẹ́ Bódìjà, ì báà jẹ́ Agbówó: "Ọjọ́ wo lẹ máa kó gọ́tà òpópónà wa, ta sì ni òṣìṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀?" Kò gba ju ìlà méjì lọ. Tí wọ́n bá dáhùn, ká di ọjọ́ náà mú. Tí wọn ò bá dáhùn, ká fi ìyẹn ṣe fídíò.

Òwe wa ní onílé ni ò ní gbà. Bẹ́ǹṣì ìyá oníresì ò lè gba gbogbo Ìbàdàn. Oṣù Kẹjọ ń bọ̀ lọ́nà, ẹ jẹ́ ká lọ béèrè kàlẹ́ńdà.