Ìkìlọ̀ Pàjáwìrì: Ẹ Má Ya Fọ́tò "Kólábò" Láìsí Àdéhùn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Bàrígà, ẹ̀yin oníkámẹ́rà Ṣómólú, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń sọ pé òun fẹ́ ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Fọ́tò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní "kólábò" ti ń dá ìjà sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ọmọbìnrin pàdé oníkámẹ́rà lórí Instagram, wọn ò dárúkọ owó. Ọmọbìnrin gbà pé gbogbo fọ́tò náà ni yóò tẹ òun lọ́wọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Oníkámẹ́rà gbà pé òun ló ra epo jẹnẹrétọ̀, òun ló fi òru ṣe ẹ̀dítì, nítorí náà márùn-ún péré lòun máa fún un, èyí tó kù di tòun. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Wọn ò bá ara wọn sọ ọ́ ni. Nígbà tó bá yá, WhatsApp á gbóná: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò mi dà?" "Àbúrò, ṣé o sanwó ni?"

Ewu náà pọ̀ ní àdúgbò tiwa, nítorí Ṣómólú ni ojúkò iṣẹ́ ìtẹ̀wé l'Ékòó. Fọ́tò tí wọ́n yà ní òpópónà Jagunmolu lè dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé kan ní òpópónà Bajulaiye, kó sì wà lára páálí ìpara kí oṣù tó parí. Ọmọ yín á dé ọjà, á rí ojú ara rẹ̀ lára ìpara tí kò fi pa ara rí, kò sì gba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin atẹ̀wé, ẹ béèrè ìwé ìyọ̀ǹda kí ẹ tó tẹ ojú ọmọ ọlọ́mọ.

Òfin Copyright ti ọdún 2022 sọ pé ẹni tó ya fọ́tò ló ni ín, kódà bó jẹ́ ìwọ lo gbé iṣẹ́ fún un, àfi bí ìwé bá sọ nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 kò ka ìdákẹ́ ẹni tí wọ́n yà sí ìyọ̀ǹda. Oníkámẹ́rà tó bá ní "kò ṣáà sọ pé rárá" kò ní àwíjàre.

Mo mọ ohun tó ń lé àwọn ọmọ wa sáré. Lọ́dún 2016, Ọlájùmọ̀kẹ́ Òrìṣàgùnà ń kiri búrẹ́dì l'Ékòó, ó ṣèèṣì gba ibi tí oníkámẹ́rà TY Bello ti ń ya olórin Tinie Tempah kọjá. TY Bello wá a kàn, ó sì di mọ́dẹ́ẹ̀lì. Oore nìyẹn. Ẹ má fi ṣe òṣùwọ̀n oníkámẹ́rà tí ẹ kò mọ̀ rí.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé, ì báà jẹ́ lórí WhatsApp: fọ́tò mélòó, ọjọ́ wo ni yóò jáde, ta ni yóò san owó mékọ́ọ̀pù àti ọkọ̀, ibo ni wọ́n lè lò ó, ṣé wọ́n lè tà á fún ilé iṣẹ́. Ẹ kọ irú aṣọ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ní kí mọ́dẹ́ẹ̀lì wọ èyí tí wọn kò sọ tẹ́lẹ̀, kó gbé báàgì rẹ̀, kó máa lọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kí òbí tẹ̀ lé e, kí òbí sì fọwọ́ sí ìwé. Ẹ̀yin mọ́dẹ́ẹ̀lì náà, ẹ má pẹ́ títí oòrùn á fi wọ̀, ẹ má sì yọ orúkọ oníkámẹ́rà kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí fọ́tò rẹ̀ bá ti jáde láìgbàṣẹ, kó má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́, kó ra páálí kan pa mọ́ fún ẹ̀rí, kó sì gba Citizens' Mediation Centre ti Ìpínlẹ̀ Èkó lọ. Wọ́n ń bá èèyàn parí ìjà níbẹ̀, wọn kì í gbowó. Kó tètè lọ, kí wọ́n tó tẹ òmíràn.