Eré Sísá ní Bèbè Omi

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, ènìyàn kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. Òwe yìí fi hàn wá bí àwọn baba wa ti ka eré sísá sí. Ní ojú tiwọn, ìdí méjì péré ni ó lè mú kí àgbàlagbà ki eré mọ́lẹ̀: yálà ẹran wà níwájú rẹ̀, tàbí ọ̀tá wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ Ìjẹ̀bú kan bá lọ sí Èkó, tí ó jí ní ìdájí, tí ó sì rí tọkùnrin tobìnrin tí wọ́n ń sáré lọ lórí afárá tí ó so Ìkòyí pọ̀ mọ́ Lẹ́kì, ẹnu lè yà á. Kò sí ẹran níwájú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀tá lẹ́yìn wọn. Kí ni wọ́n ń sá fún? Èrò tèmi ni pé nǹkan ń lé wọn ní tòótọ́, ó sì ń lé àwa náà, bí a kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Àìsàn ni nǹkan náà. Ní ayé àtijọ́, kò sí ẹni tí a ní láti kọ́ bí a ti ń lo ẹsẹ̀. Àgbẹ̀ a fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko ọ̀nà jíjìn. Àwọn ìyá wa a ru ẹrù láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí ọjà Èjìnrìn ní etí ọ̀sà, wọn a sì tún ru ọjà mìíràn bọ̀. Lónìí, ọ̀kadà ni ó ń gbé wa dé ìkóríta tí a lè rí láti ẹnu ọ̀nà ilé wa. A jókòó ní ilé ìwé, a jókòó ní ọ́fíìsì, a sì tún jókòó ti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní alẹ́. Ìjókòó yìí wà lára ohun tí ń ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà níyànjú pé, ó kéré tán, kí ó máa fi 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe ohun tí ń mú ara gbóná níwọ̀nba, tàbí 75 ìṣẹ́jú bí ohun náà bá le bí eré sísá. Wọ́n sì ní kí ẹ̀yin tí ọjọ́ orí yín wà láàrin ọdún 5 sí 17 máa lo ara yín fún 60 ìṣẹ́jú lójoojúmọ́.

Bí a bá ti gbà pé ó yẹ kí a sáré, ibi tí a ó ti sá a ni ọ̀rọ̀ kàn. Ní ọdún 2013 ni a ṣí afárá Ìkòyí sí Lẹ́kì, gígùn rẹ̀ sì ju kìlómítà kan lọ. Ẹni tí ó bá gbéra láti Ìkòyí lè gba orí rẹ̀ kọjá sí Lẹ́kì, kí ó kọrí sí Victoria Island, kí ó sì gba afárá Fálómò padà sí Ìkòyí. Lórí afárá méjèèjì, omi ni yóò máa wò. Atẹ́gùn tútù yóò sì máa fẹ́ sí i lára. Ọ̀nà tí ó yípo báyìí dára ju ọ̀nà àlọ-àbọ̀ lọ. Ojú kì í rí ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ó bá sì ti dé ìdajì rẹ̀ kò lè sọ pé òun yóò yí padà, nítorí iwájú àti ẹ̀yìn ti di ọgbọọgba.

Ṣùgbọ́n bèbè omi lè bọ́ mọ́ ará ìlú lọ́wọ́. Ẹ wo Marina ní Erékùṣù Èkó. Nígbà kan rí, títì náà kọjú sí ọ̀sà gbangba, àwọn ènìyàn a sì máa gba atẹ́gùn níbẹ̀. Nígbà tí a la ọ̀nà ńlá sí etí omi náà ní àwọn ọdún 1970, ọkọ̀ gba bèbè mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ wo Bar Beach pẹ̀lú. Ní nǹkan bí ọdún 1908 sí 1912, a fi òkúta mọ ògiri sínú òkun ní ẹnu èbúté Èkó, kí ọkọ̀ ńláńlá lè máa wọlé láìséwu. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n òkun ibẹ̀ a máa gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, ògiri sì dá iyanrìn náà dúró. Báyìí ni òkun bẹ̀rẹ̀ sí jẹ Bar Beach, láìsí iyanrìn tí yóò rọ́pò èyí tí ó lọ. Ibi tí omi gbà náà ni a wá fi iyanrìn dí, tí a ń kọ́ ìlú Eko Atlantic sí, tí a sì ń ta ilẹ̀ rẹ̀ fún àwọn tí owó wọn tó o. Ní ọdún 2016, ibẹ̀ ni eré ìje Èkó, tí ó gùn ju kìlómítà 42 lọ, parí sí. Mo yọ̀ sí èyí, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan lọ́dún kò tó. Etí omi tí tálákà kò lè tẹ̀ láìtọrọ àyè ti di ogún ẹlòmíràn.

Ẹnìkan lè wí pé, "Tíṣà, kò sí òkun ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ni ọ̀rọ̀ yìí kàn wá sí?" Ó kàn wá gidigidi. Ẹrẹ̀dò Súngbọ́, èyí tí í ṣe yàrà àti òkìtì tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní ìwọ̀n tí ó ju 160 kìlómítà lọ. Ní ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó nǹkan bí 20 mítà. Ìtàn so ó mọ́ orúkọ Bilikisu Súngbọ́, obìnrin ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ, tí àwọn ènìyàn ń lọ bẹ ibojì rẹ̀ wò ní Òkè-Ẹ̀rí. Ní 1995, a fi Ẹrẹ̀dò sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Síbẹ̀, igbó ti bò ó ní ọ̀pọ̀ ibi, oko àti ilé sì ń gé e jẹ. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kò bá tọ̀, koríko ni í jogún rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan la ọ̀nà tóóró sí ẹ̀gbẹ́ apá tirẹ̀, kì í ṣe sí orí òkìtì, kí ẹsẹ̀ má baà wó o. Kí àwọn ọmọ ilé ìwé sì máa sáré níbẹ̀. Ẹni tí ó ti làágùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ogún baba rẹ̀ kò ní dákẹ́ ní ọjọ́ tí katakata bá dé láti wó o.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àìní bàtà ṣe àwáwí. Ní ìlú Róòmù ní 1960, Abebe Bikila, ọmọ Etiópíà, fi ẹsẹ̀ lásán sá eré ìje kìlómítà 42, ó sì gba góòlù. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí ejò ń lé. Ẹ kọ́kọ́ máa rìn, kí ẹ tó máa sáré. Eré tí ẹ fi lè máa bá ẹnìkejì yín sọ̀rọ̀ ni ó yẹ yín. Ẹ jáde kí oòrùn tó mú; bí ẹ bá sì wà lẹ́bàá títì, ẹ kọjú sí ọkọ̀ tí ń bọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá dá, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ yín mọ ilẹ̀ yín, kí ẹ sì máa bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń tún ìlú ṣe pé kí wọ́n fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. Àìsàn ń lé wa bọ̀. Bí a bá sì jẹ́ kí gbogbo ọ̀nà bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ibo ni a ó sá gbà?