Ẹ Bi Í Kí Ẹ Tó Gbé E

Ó ṣòro kí ènìyàn yà káàkiri agboolé ní Àwẹ́, tàbí ní Ìlọrà àti Fìdítì, kó má kan ilé tí wọ́n ti ń wẹ àgbàlagbà, tí wọ́n ń wọṣọ fún un, tí wọ́n sì ń gbé e dìde lórí ibùsùn. Rọpárọsẹ̀ ló mú ẹlòmíràn ní apá kan ara. Mọ́tò ló gbá ẹlòmíràn tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fi ṣẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ẹlòmíràn ni iṣan ara rẹ̀ ti le gbagidi. Ìyàwó, ọmọ tàbí àbúrò ló ń tọ́jú wọn, láìgba kọ́bọ̀. Mo kí wọn kú iṣẹ́, kú ìfaradà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká sọ: ọ̀pọ̀ ìrora tí àwọn tí à ń tọ́jú ń jẹ lójoojúmọ́, ọwọ́ ìtọ́jú wa ló ń fà á.

Ẹ wo èjìká ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣe. Iṣan ló di orí egungun apá mú nínú kòtò rẹ̀. Nígbà tí iṣan náà bá rọ, ìwúwo apá fúnra rẹ̀ á máa fà á kúrò ní ipò díẹ̀díẹ̀. Apá yẹn gan-an ni ẹni tó fẹ́ gbé bàbá dìde á dì mú, tí á fi fà á sókè. Bí èjìká bá wá ń ro bàbá tí kò lè sùn lóru, wọ́n á ní àìsàn náà ló fà á. Àìsàn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́, fífà wa ló mú un burú sí i.

Bùbá wíwọ̀ náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ki apá tó yè bọ ọwọ́ aṣọ, wọn á wá máa lọ́ apá tó rọ kó lè wọ èyí tó kù. Ibẹ̀ ni igbe ti ń sọ. Apá tó rọ ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ aṣọ. Tí a bá ń bọ́ ọ, apá tó yè ni ká kọ́kọ́ yọ.

Ẹni tí iṣan rẹ̀ le, bí a bá já itan rẹ̀ yà lójijì ká lè fọ abẹ́ rẹ̀, ńṣe ni iṣan á tún le sí i. Omi tútù láàárọ̀ ọyẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Tí a bá fọwọ́ lé orúnkún rẹ̀, tí a mú sùúrù, tí a wá rọra ṣí i, iṣan á dẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Ti ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́ tún yàtọ̀: omi gbígbóná lè bó o lẹ́sẹ̀ kó má mọ̀ rárá. Ẹ fi ìgúnpá tọ́ omi náà wò kí ẹ tó bù ú sí i lára.

Èyí tó dùn mí jù ni ohun tí à ń sọ nígbà tí wọ́n bá ké. “Bàbá, ẹ rọ́jú.” “Màmá yìí ti ń ṣe bí ọmọdé.” Bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ nìyẹn. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá tún ráhùn, a ó pe àwọn ní aláìmoore, ó sì lè sú ẹni tó ń tọ́jú àwọn. Ẹlòmíràn á fi òùngbẹ pa ara rẹ̀, kí wọ́n má baà tún gbé e lọ tọ̀.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó ni ara ló yẹ kó máa darí bí a ṣe ń fọwọ́ kàn án. “Bàbá, a fẹ́ dìde o. Ibo ló ń dùn yín lónìí?” Bó bá ní ká dúró, ká dúró. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, ká máa wo ojú rẹ̀: bó bá fajú ro, tó di eyín pọ̀, ó ti fèsì.

A kò lè di gbogbo rẹ̀ lé ìdílé lórí. Láti ọdún 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn físíò, àwọn tó mọ bí a ṣe ń gbé aláìlera láìpa á lára. Ìbàdàn fi nǹkan bí 50 kìlómítà jìn sí Àwẹ́, owó ọkọ̀ ẹni tí kò lè jókòó dáadáa kò sì kéré. Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 ṣèlérí ìtọ́jú ìlera tó péye fún àwọn akàndá ẹ̀dá, láìsí ìyàsọ́tọ̀. Ìlérí náà kò gbọdọ̀ parí sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá.

Mo bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ìjọba ìbílẹ̀ Afijio: ẹ jẹ́ kí físíò máa dé àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wa, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó máa kọ́ àwọn tó ń tọ́jú aláìlera nílé. Wọ́n á fi dáàbò bo ẹ̀yìn tiwọn náà. Kí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí yọ̀ǹda gbọ̀ngàn wọn fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìlera nílé, ẹ má dúró de ìjọba. Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ bi í kí ẹ tó gbé e.